Kọ́kọ́rọ́ Àǹtí Sùbúọlá

Wọ́n ti dá mi lẹ́jọ́ ikú, ìwé ẹ̀bẹ̀ mi sì ti já sófo. Àràárọ̀ ni mò ń gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ wọ́dà ń dún bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àyà mi á sì máa já títí yóò fi kọjá ẹnu ọ̀nà mi. Ẹ má ṣàánú mi. Ẹ sáà gbọ́ bí mo ṣe débí.

Ìwáyà ní Èkó ni mo ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, nínú àgọ́ onípáànù kan létí ọ̀sà. Nígbà tí mo ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, tí mi ò mọ ẹnikẹ́ni, Àǹtí Sùbúọlá tó ń yan ẹja ló ń bu oúnjẹ fún mi. Òun ló mú mi wọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn, níbi tí wọ́n ti ń yá ara wọn lówó láìsí èlé gọbọi. Torí pé mo kàwé díẹ̀, wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé. Ọ̀dọ̀ mi ni àpótí owó ń gbé. Àgádágodo méjì ló wà lára rẹ̀: kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ mi, èkejì lọ́wọ́ Àǹtí tó jẹ́ akápò, kí ẹnì kankan má baà lè dá a ṣí.

Ẹsẹ̀ wá ń dun Àǹtí, kò lè wá sípàdé mọ́. Ó na kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí mi.

"Máa bá mi ṣí i. Ṣebí àbúrò mi ni ẹ́."

Mo so ó mọ́ tèmi lórí okùn kan. Mi ò ní di ẹ̀bi ru èṣù. Èmi ni mo yọ owó díẹ̀, mo fi ra páàtì ẹ́ńjìnnì ní ọjà Ládìpọ̀, mo tà á lérè, mo sì dá owó padà kí ìpàdé tó dé. Ẹnikẹ́ni ò fura. Mo tún un ṣe. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan níbẹ̀ fi ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ hàn mí ní owó pọ́ọ́kú, mo bá kó gbogbo ohun tó wà nínú àpótí, mo fi rà á. Ẹ́ńjìnnì ọ̀hún ò dáhùn rárá. Mo padà sí Ládìpọ̀, mi ò rí ọkùnrin náà mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé tí a máa yá àwọn ayanja lówó, Àǹtí tiro wá sí àgọ́ mi.

"Àbúrò, kọ́kọ́rọ́ mi dà? Ara mi ti yá."

"Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Kámpé ni gbogbo ẹ̀ wà."

"Ó dáa. Ṣí i kí n rí i."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Owó àwọn tí ò rí jẹ! Mi ò ní bá ẹ parọ́ o. Ṣùgbọ́n lọ́la, èmi náà á kúnlẹ̀, màá bá ẹ bẹ̀ wọ́n."

Ìtìjú nìkan ni mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Bó ṣe yíjú láti lọ, mo gbé sípánà ńlá, mo là á mọ́ ọn lórí. Mo tì í sínú ọ̀sà, kí wọ́n lè rò pé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ló yọ̀. Mo ní bí akápò bá kú, ìpàdé á yẹ̀, àpótí á sì wà ní títì.

Nígbà tilẹ̀ mọ́, àwọn apẹja gbé òkú rẹ̀ wá. Mo ké ju gbogbo wọn lọ. Bàbá Alága wa wò mí.

"Akọ̀wé, lọ gbé àpótí wá. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, ọjọ́ náà là ń ṣí i ká fi owó inú rẹ̀ sin ín. Àbí o ti gbàgbé ni?"

Òfin tí èmi fúnra mi máa ń kà sétí ọmọ ẹgbẹ́ tuntun ni! Ọwọ́ mi lọ sápò kí n tó ronú. Kọ́kọ́rọ́ méjèèjì jáde lórí okùn kan.

"Àná ló ní òun ń bọ̀ wá gba èyí lọ́wọ́ ẹ," ni Bàbá wí. "Ṣé kò dé ọ̀dọ̀ ẹ ni?"

Ó gba okùn náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ṣí àpótí, kò sí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Àwọn ayanja tú etí ìró wọn, wọ́n dá owó níbi tí wọ́n dúró sí, òun ni wọ́n fi sin Àǹtí. Wọ́n fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, mo sì jẹ́wọ́ pé èmi ni mo pa á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, owó tí mo kọ́kọ́ yọ, mo dá a padà pé, òun gan-an ló sì bà mí jẹ́, torí ó jẹ́ kí n rò pé mi ò jalè. Ẹ má ṣe bíi tèmi. Bí ẹ bá sì ti ṣìṣe, tí ẹnìkan ní òun á bá yín kúnlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó bá yín kúnlẹ̀. Ká ní mo gbà fún Àǹtí ni, ǹ bá ṣì máa san owó náà díẹ̀díẹ̀ ní Ìwáyà, kí n sì máa jẹ ẹja rẹ̀.