Ìran Èké Tí Fèyíkẹ́ Fi Gba Pápá

Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Ọjọ́ náà dé bá Wòlíì Fèyíkẹ́ nínú ìsìn àárọ̀. Orin ò tíì parí tó fi dìde. "Ẹ̀yin ará, ẹ dákẹ́ ná. Ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu mi lónìí. Tí mo bá sọ ọ́ tán, ẹ bọ́ sùtánà lọ́rùn mi." Ta ló máa ro irú èyí ro Fèyíkẹ́, ẹni tí gbogbo ará ẹ̀yìn Thomas Estate ní Ajah gbà pé Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀?

Nígbà tí wọ́n ń fẹ títì márosẹ̀ Ajah, pápá ni ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn wà lónìí. Koríko tútù minimini ni, igi fúrúùtù sì wà láàárín rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Màmá Adéjọkẹ́ ń mú Ṣèyílọ́lá, ọmọ ọmọ rẹ̀, lọ síbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta péré, ó ti ń fi èso fúrúùtù kọ́ oókan, eéjì. Á béèrè ibi tí èèrà ń lọ, á béèrè ilé ẹyẹ, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Àmọ́ Fèyíkẹ́ fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, àdúgbò ò sì gbà. Ló bá ṣubú lulẹ̀ níbi ìsọjí, ó ń gbọ̀n, ó ní wọ́n fi iwin han òun lórí pápá: "Ọmọ tó bá ń ṣeré níbẹ̀, orí rẹ̀ á dàrú!"

"Mi ò rí nǹkan kan o," ló wí fún ìjọ láàárọ̀ ìjẹ́wọ́ yìí, ẹkún sì gbà á lẹ́nu. "Irọ́ ni mo pa mọ́ Ọlọ́run. Èmi ìkà!"

Ìran yẹn ni àdúgbò gbọ́ tí wọ́n fi yọ̀ǹda pápá nígbà náà: wọ́n gé igi, wọ́n da kọnkéré. Ẹ̀rù ba Adétutù, ìyá ọmọ náà, ó ti Ṣèyílọ́lá mọ́ yàrá pẹ̀lú tẹlifíṣàn. Díẹ̀díẹ̀, ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ò béèrè nǹkan mọ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kàwé, òun ń wo ògiri. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa mú un lọ sórí koríko, kó máa sáré, nítorí eré ni ọpọlọ ọmọdé fi ń dàgbà. Koríko wo? Adétutù sunkún tọ Fèyíkẹ́ wá: "Ìyá Wòlíì, ẹ gbà mí. Kí ló ṣe ọmọ mi?"

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti jẹ́wọ́. Háà, ọmọ aráyé! "Ìyá ọkọ ẹ ni," ló dá a lóhùn. "Òun ló fà á lé iwin lọ́wọ́."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Adétutù da ẹrù Màmá Adéjọkẹ́ síta. Màmá gba ìlú Lákọwé lọ sọ́dọ̀ ìbátan, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ohun tí wọ́n ní ó sọ kó tó wọkọ̀ ni kì í jẹ́ kí Fèyíkẹ́ sùn: "Ẹ ṣáà máa bá mi mú ọmọ yẹn jáde o."

Bó ti jẹ́wọ́ tán nínú ìsìn náà, Fèyíkẹ́ wólẹ̀ níwájú Adétutù. "Dárí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ríran, tí Ọlọ́run ò bá sọ̀rọ̀, ẹ dákẹ́! Ẹ jẹ́ ká hú kọnkéré yìí, ká gbin koríko padà."

Adétutù dìde. "Ẹ máa hú kọnkéré. Ìyá tí mo lé, ta ló máa bá mi hú u ní Lákọwé?"

Ó fa Ṣèyílọ́lá lọ́wọ́ jáde. Ọmọ náà ò béèrè ibi tí wọ́n ń lọ.