Èmi Ni "Wọ́n" Tí Ọmọ Yẹn Wí

Ẹ má wulẹ̀ bá mi wá ọ̀rọ̀ ìtùnú. N kò dùbúlẹ̀ àìsàn, ikú kò sì tíì kan ilẹ̀kùn mi. Inú ló ń bí mi, ara mi gan-an ni mo sì ń bínú sí. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọ mi obìnrin wá sí pálọ̀ wa, ó ń múra ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, "Dádì, ẹ̀yin náà kó wa rin irú ọ̀nà yìí nígbà tí a wà ní kékeré. Báwo lẹ ṣe mú wa dákẹ́?" Kí n tó fèsì, ó ti dá ara rẹ̀ lóhùn, ó ní, "N ò ṣáà ní mú Àǹtí dání. Ẹni tó fẹ́ fi oògùn pa àbúrò mi, ta ni yóò gbé ọmọ fún?" Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mo rẹ́rìn-ín! Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tèmi ti fi ọdún mẹ́fà lé ogún. Ó tó gẹ́ẹ́.

Awakọ̀ ni mí. "Má-Dúró" ni wọ́n ń pè mí ní gáréèjì, nítorí pé bí mo bá ti gbéra, epo nìkan ló lè dá mi dúró. Mo ń fi orúkọ yẹn yangàn nígbà náà, òpònú ni mí. Nígbà tí ìyá mi ránṣẹ́ pé òun fẹ́ rí àwọn ọmọ, mo fọ́nnu ní gáréèjì pé wákàtí mẹ́rìnlá tí mo máa ń fi gba ọ̀nà náà, òun náà ni n ó fi gbà á tọmọtọmọ. Mẹ́káníìkì wa rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Má-Dúró, ọmọ kékeré ni yóò dá ọ dúró." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Ẹ wo nǹkan tí àgbàlagbà ń torí rẹ̀ bínú!

Ìyàwó mi jókòó tì mí níwájú. Àbúrò mi obìnrin wà lẹ́yìn, ọmọ ọdún méjìlélógún, olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, tó fi ìsinmi rẹ̀ sílẹ̀ láti wá bá wa mójú tó ọmọ. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin, ọmọ ọdún méjì, wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ikọ́ ń ṣe àbúrò mi lọ́sẹ̀ náà, ìgò oògùn ikọ́ rẹ̀ sì wà nínú báàgì rẹ̀. A kò tíì rin wákàtí méjì tí wàhálà dé. Èyí fẹ́ tọ̀, a dúró. Èyí bì sára ìjókòó, a dúró. Èyí ní àbúrò òun ń wo ojú fèrèsé òun. Fèrèsé o! Àbúrò mi ń kọrin fún wọn, ó ń fi ìka ọwọ́ pa ìtàn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ọmọdé ni wọ́n, ìjókòó ti sú wọn." Aago ni èmi ń wò.

Ní ilé epo kìíní, ìyàwó mi lọ ra omi, àbúrò mi lọ tọ̀, ó fi báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti ṣàkíyèsí pé bí àbúrò mi bá ti mu oògùn yẹn, oorun ló ń kùn ún. Mo ṣí báàgì náà. Mo bu ìdérí ìgò kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọmọ, mo ní, "Ẹ gbé e mì, oyin ni." Obìnrin fajú ro, ó ní, "Dádì, oyin yìí korò." Mo ní kó panu mọ́. Mo dá ìgò padà. Wákàtí mẹ́ta gbáko, kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu. Ìyàwó mi ní, "Ẹ wo àwọn ọmọ dáadáa!" Mo ń súfèé.

Ní ọ̀sán, ní ilé epo kejì, ọkùnrin jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí ké. Ìyàwó mi ti mú obìnrin lọ tọ̀. Àbúrò mi ti mu oògùn tirẹ̀, ó ń sùn fọnfọn. N kò bu ìdérí mọ́. Ẹnu ìgò ni mo tì bọ ọmọ ọdún méjì lẹ́nu, ọmọ tí mo bí! Ó mu ún títí ó fi kù díẹ̀ ní ìsàlẹ̀, mo sì sọ ìgò padà sínú báàgì tó wà lẹ́sẹ̀ àbúrò mi.

Kò pẹ́ tí a kúrò níbẹ̀ tí àbúrò mi fi ké: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró! Ọmọ yìí kò mí dáadáa!" Mo ní oorun ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe oorun. Ẹ̀rù ló bà mí, mo sì ń wa mọ́tò lọ bí ẹni pé n ó sáré kọjá ohun tí mo ṣe, títí tí àbúrò mi fi na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, tó fa ọrùn ẹ̀wù mi ya. Òun ló bi àwọn èèyàn ibi tí ilé ìwòsàn wà. Òun ló gbé ọmọ sáré wọlé.

Dókítà ní, "Kí ni ọmọ yìí mu? Ẹ tètè sọ ọ́!" Ọmọ mi obìnrin ló dáhùn, ó ní, "Wọ́n fún un ní oyin. Ó korò." Ìyàwó mi ní, "Ta ni wọ́n?" Èmi ni mo fi pàṣán kọ́ ọmọ yẹn pé a kì í pe àgbà ní "ó," a kì í sì í nàka sí àgbà. Wọ́n ni bàbá, wọ́n náà ni àǹtí. Ó gbójú sókè, èmi ló ń wò. Kó tó la ẹnu, mo yára bi í ní ìbéèrè tèmi: "Ta ló jókòó tì yín lẹ́yìn?" Ó ní, "Àǹtí ni." Òótọ́ ni ọmọ sọ, òótọ́ rẹ̀ ni mo fi purọ́. Ìyàwó mi já báàgì gbà, ó fa ìgò yọ. Àbúrò mi ní, "Èmi kọ́! N kò fún un ní nǹkan kan!" Lẹ́yìn náà ló wo ìgò, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Àbí n kò dé e dáadáa ni? Mo sùn lọ." Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Ìkà ni ọ́."

Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ náà jí, ara rẹ̀ sì yá pátápátá. Ǹ bá jẹ́wọ́ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n àyà mi ń já pé bí àbúrò mi bá ń wá sọ́dọ̀ wa, ọjọ́ kan ni ọmọ mi obìnrin yóò sọ ọ́ fún un. Kí ojú lè tì í débi tí kò fi ní wá mọ́, mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá iléẹ̀kọ́ rẹ̀, pé kò yẹ kí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ lé e lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n lé e. Bí mo bá ní ìwàǹwára ló sún mi dé ìdí oògùn, kí ni mo fẹ́ sọ nípa lẹ́tà? Mo jókòó ti tábìlì. Mo fi rúlà fa ìlà sí ìwé kí ọ̀rọ̀ mi lè gún. Òkú òǹrorò ni mí!

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ bá a ní ilé ìfọṣọ tó ti ń lọ aṣọ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò mi, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo rò pé yóò ní òun ti mọ̀. Kò mọ nǹkan kan! Ó ní, "Èmi ti gbà pé èmi ni. Mo gbà pé mo fi ìgò sílẹ̀ ní ṣíṣí, ọmọ sì mu ún. Ọkùnrin méjì ló fẹ́ fẹ́ mi, mo kọ̀ wọ́n nítorí wọ́n fẹ́ bímọ. Ọwọ́ ara mi ni mò ń bẹ̀rù." Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta ni báyìí. Ó wò mí nílẹ̀, ó ní, "Dìde. Jáde. Má pè mí ní àbúrò rẹ mọ́." Kò "ẹ" mí. Ó tọ́ sí mi.

Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, ìyàwó mi wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ọmọ mi obìnrin ní, "Dádì, ẹnu mi lẹ fi ba Àǹtí jẹ́?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kó ọmọ rìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n ké. Ẹ dúró, kí wọ́n tọ̀, kí wọ́n bì, kí wọ́n jà sí fèrèsé. Nígbà tí mo padà rí ìyá mi, kò bi mí pé wákàtí mélòó ni mo fi rìn ín. Ní tèmi, ẹ má tíì dárí jì mí, n kò bẹ̀ yín fún ìyẹn. Ẹ̀yin ẹbí tí ẹ ń já ọmọ yín gbà lọ́wọ́ àbúrò mi láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mò ń bẹ̀. Ẹ lọ sí ilé ìfọṣọ yẹn. Ẹ bẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, bí ó bá ṣì lè gbà á.