Ẹ̀kọ́ Tí Mo Fi Gbẹ̀san Lára Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ yé rẹ́rìn-ín. Mo ń nu gbólóhùn tí ọmọbìnrin yìí kọ sójú pátákó, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló jẹ̀bi. Ẹ bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ, ó ní bàbá òun ni. Ẹ ò bi mí léèrè ẹni tó kọ́ bàbá rẹ̀. Èmi ni. Ẹ̀gbọ́n mi ni bàbá rẹ̀, ọmọ ìyá mi, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi irọ́ kọ́ ọ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Lónìí ni yóò jáde, bí mo ṣe ń kọ òótọ́ sójú pátákó fún yín. Ẹni tó bá lè kọ̀wé kó sì tún máa gbọ́, kó ṣe é. N kò fẹ́ fi àkókò ṣòfò.

Nínú èdè tiwa, “tí” kan ṣoṣo ló ń so ọ̀rọ̀ pọ̀: ọkùnrin tí mo rí, ajá tí mo rí, àga tí mo rí. Gẹ̀ẹ́sì pín in. “Who” ni ti ènìyàn, ì báà jẹ́ adájọ́, ì báà jẹ́ agbálẹ̀. “Which” ni ti ẹranko àti ti nǹkan. Kò le. Èmi ni mo sọ ọ́ di líle fún ẹ̀gbọ́n mi.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo ṣe ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹ̀gbọ́n mi ni bàbá wa rán lọ wo èsì. Ó padà dé, ó bọ́ bàtà, ó ní, “Kò yege, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ ilé.” Bẹ́ẹ̀ ni mo di ẹni tó ń fọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀. Mo ti bímọ kí n tó pàdé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́jà. Ó ní, “Níbo lo wọlé sí? Orúkọ rẹ ló wà lókè pátápátá. A retí rẹ títí.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí ènìyàn nílé. Inú àpòòwé ni mo ti kàwé títí mo fi di tíṣà. Ẹ̀gbọ́n mi a máa fi mí ṣẹ̀sín pé, “Akọ̀wé inú àpòòwé, ṣé wọ́n ti fi ọgbọ́n rẹ ránṣẹ́ lónìí?” Mo ń rẹ́rìn-ín. Mo ń kó o pamọ́ sínú.

Ilé ẹjọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé. Ipò ògbufọ̀ ṣófo, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí kò pè mí ní “ẹ” rí, ó wá bá mi, ó ní, “Tíṣà, ẹ gbà mí.” Mo kọ́kọ́ kọ́ ọ dáadáa, kó lè fọkàn tán mi. Nígbà tí a dé ibi “who” àti “which,” ó ní, “Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì?” Mo ní, “Bí ‘o’ àti ‘ẹ’ tiwa ni. ‘Who’ ni ti ènìyàn pàtàkì, ‘which’ ni ti mẹ̀kúnnù.” Ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, “Ṣé ẹ rí i, òyìnbó náà mọ ọ̀wọ̀.” Torí pé irọ́ náà bá ìwà rẹ̀ mu ni kò fi há a lọ́fun.

Èyí tó burú jù nìyí. Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, ó wọlé tọ̀ mí wá, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ní, “Obìnrin tó ń tẹ̀wé níbi iṣẹ́ wa ní irọ́ ni wọ́n kọ́ mi. Mo sọ fún un pé àbúrò mi kò lè parọ́ fún mi.” Gbólóhùn kan péré ni ǹ bá sọ, ẹ̀gbọ́n mi ì bá bọ́. Mo ní, “Ta ni ẹ bá mu ọmú kan náà, èmi àbí atẹ̀wé? Mo fi sàréè ìyá wa búra, bí mo ṣe kọ́ yín ló rí.” Ó mí kanlẹ̀. Ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kó túmọ̀ ẹ̀rí opó kan tí onílé lé jáde. Ibi tó bá ti kan onílé, “who” ló kọ. Ibi tó bá ti kan opó, “which.” Adájọ́ kà á sókè, ó bi í pé, “Ṣé àpótí ni obìnrin yìí ni?” Gbogbo ilé ẹjọ́ bú sẹ́rìn-ín, opó náà sì jókòó síbẹ̀ tó ń wò wọ́n. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi máa lọ to àga. Mo gbọ́, mo sì sùn dáadáa. N kò ní parọ́ fún ẹ̀yin náà: ó dùn mọ́ mi. Títí di òní, kò fura; ó ní adájọ́ náà ni kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó mú ọmọ rẹ̀ yìí wá, ó ní, “Tíṣà, ẹ kọ́ ọ bí ẹ ṣe kọ́ mi.”

Kí lo wí, ọmọ mi? Sọ ọ́ sókè. O ní ṣé ẹ̀san náà ti wá tó báyìí? Kò tó. Ká ní kò kàn ọ́ ni, ǹ bá gbé e wọ sàréè. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ ni mo ta ọfà sí, lára rẹ ni mo ti rí i lónìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò ní kí ẹ má bínú. Ojú ẹni tó bá ṣẹ̀ yín ni kí ẹ ti bínú, ẹ má fi iṣẹ́ ọwọ́ yín jà. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé òun ti ṣẹ̀ mí nínú yín, kó wá olùkọ́ mìíràn.

Mo ti kọ ọ́ tán. Ẹ dà á kọ, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ìwọ dúró parí tìrẹ. Mo fẹ́ dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ ṣáájú rẹ. Màá jẹ́wọ́ fún un bí mo ṣe jẹ́wọ́ fún yín. Tó bá ní kí n tọrọ àforíjì, màá tọrọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jáde. Òun ṣáà ni ẹ̀gbọ́n.