Ọmọ Méjì Tí Mo Ní Kí Wọ́n Má Kà

Ẹ̀yin tó ń ka ojú ìwé yìí, ọ̀rọ̀ kan wà láyà mi tí mi ò sọ fún ọkọ mi, tí mi ò sọ fún pásítọ̀ wa, tí mi ò sì tíì sọ fún ẹni tí mo ṣẹ̀ gan-an. Ǹ bá gbé e wọ sàréè, tí kì í bá ṣe pé Ìyá Kàọ̀sárà wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní kí n wá jẹ́ ẹlẹ́rìí àwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Èébú tọ́ sí mi, mo kàn fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ délẹ̀ ni.

Kétu ni mo ń gbé, lápá Ìkòsí. Aránṣọ ni mí. Yunifọ́ọ̀mù ló ń mówó wọlé fún mi jù, torí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan wà ládùúgbò wa. Òkè-Ògùn lèmi àti ọkọ mi ti wá. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbélé. Ọmọ mẹ́ta la bí. Ṣọlá ni àkọ́bí, Káyọ̀dé ni àbíkẹ́yìn, Àbẹ̀kẹ́ ló wà láàárín. Orúkọ tí mo pè wọ́n níbí kì í ṣe orúkọ wọn gan-an.

Ibà kan kọ lu Àbẹ̀kẹ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ibà náà lọ, ó sì gba etí rẹ̀ lọ. Kò gbọ́ràn mọ́, torí náà kò kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. A gbé e dé ilé ìwòsàn, a gbé e dé orí òkè àdúrà. Nígbà tó yá, ó rẹ̀ wá. Mi ò mú un lọ sílé-ìwé kankan. Mo fi í pamọ́ sílé. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń wá wọn yunifọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ mi, Àbẹ̀kẹ́ ló ń bá mi gán bọ́tìnnì rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò wọ ẹyọ kan rí.

Ìyá Kàọ̀sárà ń gbé nínú ilé kan náà pẹ̀lú wa, ilẹ̀kùn wọn kọjú sí tiwa. Tàtàṣé ló ń tà ní ọjà Mile 12. Rídíwàán, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, kò gbọ́ràn láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ṣùgbọ́n Ìyá Kàọ̀sárà kì í fi tiẹ̀ pamọ́. Ó ń mú un lọ sọ́jà, ó ń mú un lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹjú mọ́ ọn jù, á ní, "Ọmọ mi ni. Etí rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́, orí rẹ̀ pé." Kí n má parọ́ fún yín, ó máa ń bí mi nínú. Bíi pé èmi ló ń bá wí ló ń rí létí mi.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí pé àwọn kan ń bọ̀ wá ka gbogbo ọmọ tó wà ládùúgbò wa, láti ojúlé dé ojúlé. Kì í ṣe ìkànìyàn gbogbo Nàìjíríà o. Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ni. Wọ́n ní iye ọmọ tí àwọn bá rí làwọn máa fi mọ iye kíláàsì tí àwọn máa kọ́, iye bẹ́ǹṣì tí àwọn máa kó wá, àti irú tíṣà tí àwọn máa gbé wá. Wọ́n bẹ̀ wá pé kí a má fi ọmọ kankan pamọ́, pàápàá èyí tí kò ríran, tí kò gbọ́ràn, tàbí tí kò lè rìn.

Ẹ wá wo ohun tí a ṣe. Alhaji onílé wa ní kí ayálégbé kọ̀ọ̀kan dín iye ọmọ rẹ̀ kù, pé tí ìjọba bá mọ bí a ṣe pọ̀ tó, owó tí wọ́n ń gbà lórí ilé òun á lé sí i. Àwọn kan ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àwọn míì tilẹ̀kùn wọn lọ́jọ́ náà, wọ́n jáde. Alhaji wá ní kí èmi máa mú ẹni tó ń ka ọmọ wọ inú ilé, torí iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ìyá Kàọ̀sárà dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ó ti sán ìgbànú ọjà mọ́dìí.

"Ìyá Ṣọlá, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ ata ti wọlé, mi ò lè dúró. Tí wọ́n bá dé, ẹ bá mi sọ ti Rídíwàán fún wọn. Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ mú tíṣà tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ wá. Ẹ má gbàgbé o."

Mo ní, "Máa lọ, fi sílẹ̀ fún mi."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, lásìkò tí mò ń sọ ọ́ yẹn, mo ní in lọ́kàn láti ṣe é.

Ṣùgbọ́n Ṣọlá ti fẹ́ lọ sílé ọkọ nígbà yẹn. Ìdílé ọlọ́lá ni ọmọkùnrin náà ti wá, inú ẹ́síteètì tó ní gáàdì lẹ́nu géètì ni wọ́n ń gbé. Ọmọ méjì ni mo sọ fún wọn pé mo bí. Mò ń bẹ̀rù pé tí wọ́n bá rí Àbẹ̀kẹ́, wọ́n á ní àrùn ìdílé ni. Nígbà tí àǹtí ọmọkùnrin náà kọ́kọ́ rí i nínú ṣọ́ọ̀bù, mo ní ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ni. Ẹ̀rù bà mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

Àǹtí yìí kan náà ló jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ tí wọ́n wá ka ọmọ yẹn. Ó wá láti Ìṣẹ̀rí, ó fẹ́ wọn bùbá tó máa wọ̀ lọ síbi mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin tó ń ka ọmọ bá wa. Ọ̀dọ́mọbìnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ó ń tẹ ohun tí mò ń sọ sínú fóònù. Ó kúnlẹ̀ kí wa. Ó kọ́kọ́ bèèrè gbogbo ọmọ tí mo bí, àti àgbà àti kékeré. Mo dárúkọ Ṣọlá. Mo nawọ́ sí Káyọ̀dé, ọmọbìnrin náà nawọ́ sí i, ó ń fi ìka kà wọ́n.

Àbẹ̀kẹ́ ń gán bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ó ti ń wò wá. Ó ti yé e pé ọmọ là ń kà. Ló bá gbé iṣẹ́ sílẹ̀, ó bọ́ síwájú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbá àyà ara rẹ̀, ó wá na ìka sókè, pé kí wọ́n fi òun kún un.

Ọmọbìnrin náà bi mí pé, "Mà, èyí ńkọ́?"

Mo rí ojú àǹtí yẹn. Mo di ọwọ́ ọmọ mi mú, mo fà á walẹ̀. Mo ní, "Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ni. Ó ti fẹ́ padà sílùú wọn. Ẹ má kà á."

"Ṣé kò sí ọmọ tí kì í gbọ́ràn tàbí tí kì í ríran nínú gbogbo ilé yìí, mà?"

Mo rántí Rídíwàán tó wà nínú yàrá wọn. Mo rántí rẹ̀ dáadáa, mi ò ní fi ìgbàgbé bojú. Mo rò ó pé tí mo bá dárúkọ rẹ̀, wọ́n á ní kí n pè é. Tó bá sì jáde, ọ̀dọ̀ Àbẹ̀kẹ́ ló máa sáré lọ, àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ síra wọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, àṣírí á sì tú lójú àna. Mo ní, "Kò sí o. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Nígbà tí mo mú un wọ inú ilé, mo ní kò sẹ́nì kankan ní yàrá Ìyá Kàọ̀sárà.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Kàọ̀sárà dé. "Ṣé ẹ bá mi sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́."

Ó gbàdúrà fún mi títí. Ó fún mi ní tàtàṣé inú ọ̀rá kan. Mo fi se ọbẹ̀, mo sì jẹ ẹ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé wá jáde, kíláàsì tí wọ́n kọ́ fún wa kéré, bẹ́ǹṣì kò tó. Tíṣà tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, apá Ifákọ̀ ni wọ́n gbé e lọ. Wọ́n pe ìpàdé òbí. Ìyá Kàọ̀sárà bèèrè tíṣà yẹn. Ọ̀gá ilé-ìwé dá a lóhùn pé, "Mọ́mì, àwa kọ́ la pín wọn. Ibi tí wọ́n ti rí ọmọ tó nílò rẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ. Ládùúgbò yìí, wọ́n ní àwọn ò rí ẹyọ kan."

Ìyá Kàọ̀sárà dìde. "Irọ́ ni! Mo lọ́mọ! Ìyá Ṣọlá sọ ọ́ fún wọn, òun ló jókòó yẹn, ẹ bi í!"

Gbogbo ojú yí sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni ǹ bá ti jẹ́wọ́. Mo dìde, mo ní, "Mo sọ ọ́ fún ọmọbìnrin yẹn. Òun ni kò kọ ọ́."

Inú bí gbogbo èèyàn. Wọ́n ní bí ìjọba ṣe máa ń rẹ́ Kétu jẹ nìyẹn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọmọ jẹ́jẹ́ tó kúnlẹ̀ kí mi, èmi ni mo sọ ọ́ di ẹlẹ́bi níwájú àwùjọ.

Láti ìgbà náà, inú ń bí mi ṣáá. Àwọn èèyàn á wá wọn yunifọ́ọ̀mù, wọ́n á máa ṣàròyé pé ilẹ̀ lọmọ àwọn ń jókòó sí, pé tíṣà kan ló ń kọ́ ọmọ tó kún kíláàsì fọ́fọ́. Màá wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀, màá rántí pé ó tilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Màá wo òmíràn, màá rántí pé ọmọ mẹ́rin ló bí, méjì ló sọ. Àwa fúnra wa la dín ara wa kù, ta la wá fẹ́ kó gbé bẹ́ǹṣì wá fún ọmọ tí a ní kò sí? Ó máa ń ṣe mí bíi kí n pariwo mọ́ wọn. Ẹnu wo ni màá fi sọ ọ́? Tèmi burú ju tiwọn lọ.

Ohun tó dùn mí jù ni pé asán ni gbogbo rẹ̀ já sí. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, nígbà tí ọkọ Ṣọlá kọ́kọ́ wá kí wa, kò tíì jókòó tó fi ní, "Mọ́mì, Àbẹ̀kẹ́ dà? Mi ò tíì kí i." Ṣọlá ti sọ fún un látìgbà tí wọ́n ti pàdé. Àǹtí yẹn náà ti mọ̀ lọ́jọ́ tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó kàn dákẹ́ ni. Ṣọlá ò bá mi jà. Ó kàn gbé ojú kúrò lára mi.

Ìyá Kàọ̀sárà ò gbà fún wọn ṣá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú Rídíwàán lọ sí ilé-ìwé apá Ifákọ̀ yẹn láràárọ̀. Kó tó padà dé Mile 12, wọ́n á ti já ata tán, àwọn oníbàárà rẹ̀ á ti ra tẹlòmíràn. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ìsọ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíì. Ó gbìyànjú títí, agbára rẹ̀ ò gbé e mọ́. Rídíwàán ti wà nílé báyìí.

Ṣùgbọ́n ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ díẹ̀ kó tó kúrò. Ó sì ń kọ́ Àbẹ̀kẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ẹ ò rí ọmọ mi! Ọmọ tí mo rò pé kò ní nǹkan kan láti sọ, ó ń sọ̀rọ̀ ṣùù bí òjò. Ó ń sọ, ó ń rẹ́rìn-ín, nígbà míì ó máa ń bínú, á tún bẹ̀rẹ̀. Èmi á jókòó ti ẹ̀rọ mi, mi ò ní mọ ẹyọ kan nínú ohun tó ń sọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá wá ni Ìyá Kàọ̀sárà wọlé tọ̀ mí wá. Àwọn èèyàn ti ń sọ pé ìkànìyàn gbogbo ìlú ń bọ̀. Ó ní àwọn obìnrin fẹ́ lọ bá àwọn káńsù, kí wọ́n má tún fo ilé wa. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ máa sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ rí ọmọbìnrin yẹn lójúkojú. Mo ti sọ fún wọn pé a ní ẹlẹ́rìí."

Ó wá fi kún un pé àwọn kan ládùúgbò ti ní àwọn ò tún ní ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, "Wọ́n bá Ìyá Kàọ̀sárà sọ ti ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́sí, kí ló jẹ níbẹ̀?" Ẹ gbọ́ ìyẹn? Irọ́ tèmi ni wọ́n dì mú. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe tún fẹ́ fi ọmọ pamọ́.

Mi ò lè tún parọ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ bá a ní yàrá rẹ̀, kí n kúnlẹ̀, kí n sọ ọ́ fún òun nìkan? Àbí níwájú àwọn obìnrin yẹn ni kí n ti sọ ọ́, torí gbangba ni mo ti parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ? Tó bá lé mi jáde, mi ò ní bínú. Tí ọkọ mi bá gbọ́, mi ò mọ ohun tó máa ṣe.

Ti Ìyá Kàọ̀sárà, mo ṣì lẹ́nu tí màá fi bẹ̀ ẹ́. Ti Àbẹ̀kẹ́ ni mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣe é. Mo kúnlẹ̀ fún un lọ́jọ́ kan, ó rò pé nǹkan ló já bọ́ lọ́wọ́ mi, ó bá mi wá a nílẹ̀. Mi ò gbọ́ èdè ọmọ mi. Ẹnì kan ṣoṣo tó lè kọ́ mi nínú gbogbo ilé wa ni Rídíwàán. Ojú wo ni màá fi wò ó, kí n ní kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sọ pé, "Dárí jì mí"?