Wọ́n Ti Fi Ẹnu Sin Ọkọ Mi, Ọlọ́run Gbé E Wálé

Ẹ yin Ọlọ́run alààyè! Ẹ tún yìn ín, ẹ̀yin ará, nítorí alààyè ni mo wí!

Ẹni tí ohun tí mo fẹ́ sọ bá ń bí nínú, kó fọwọ́ dí etí. Mo mọ ẹni tí mò ń bá wí. Wọ́n wà lórí àga lọ́hùn-ún, wọ́n gbé fìlà lé orúnkún.

Ìlú Ọba ni èmi àti ọkọ mi wà pẹ̀lú Tómi, ọmọbìnrin wa, nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ọkọ mi. Ẹsẹ̀ kan kú, ẹnu kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Dókítà ní kí n múra sílẹ̀ fún ohun tó bá dé. Mo ní kí n múra kẹ̀? Ọlọ́run ti múra. O ṣé, Jésù!

Màmá, ìyá ọkọ mi, kò ní fóònù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí wọ́n jọ ń gbé ilé tí a kọ́ sí Ìkẹ́rẹ́ níbí, ló ń gba ìpè wa. Ìgbàkígbà tí mo bá pè, wọn á ní Màmá ń sùn. Oorun àárọ̀, oorun ọ̀sán. A ò mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún Màmá àti gbogbo àdúgbò pé ọkọ mi ti kú, pé àwọn òyìnbó ti sin ín. Nítorí ilé ni o! Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí ogun abẹ́lé.

Nígbà tí ọkọ mi lè jókòó, dókítà yẹn náà ní kí n gbé e lọ bá ìyá rẹ̀. A wọ ọkọ̀ òfuurufú dé Èkó, a wọ mọ́tò gba Àkúrẹ́ wá. Bí a ṣe wọ Ìkẹ́rẹ́, ojú ọ̀nà ti yí padà mọ́ mi lójú, ni dẹrẹ́bà bá fi orúkọ ọkọ mi béèrè ilé lọ́wọ́ ìyá kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì. Ìyá náà ní, "Ṣé ulé olóògbé tó kú sí ìlú òyìnbó ni?" Ọkọ mi wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń wò ó. Tómi bú sẹ́kún. Èmi ò sunkún, inú ló ń bí mi.

A dé ilé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi rí àbúrò wọn lórí kẹ̀kẹ́ arọ, wọ́n sì ti géètì mọ́ wa. Wọ́n ń ké sí àdúgbò pé àkúdàáyà ni mo gbé wá. Wọ́n ní tó bá jẹ́ àbúrò àwọn ni lóòótọ́, kó sọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ ìkà! Wọ́n mọ̀ pé kò lè sọ̀rọ̀. Èmi ni mo sọ fún wọn lórí fóònù. Àwọn èèyàn ń sá sẹ́yìn. Àwọn kan ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù lé ọkọ mi lórí. Ẹ̀yin yẹn náà wà níbí, mo rí yín.

Màmá gbọ́ ariwo, wọ́n tẹ̀pá jáde sí àgbàlá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dínà mọ́ wọn, Màmá fi ọ̀pá sún wọn kúrò. Wọ́n gba àárín irin géètì wo ojú ọmọ wọn títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí ẹ̀gbọ́n.

"Àkúdàáyà wo ló ń wá ulé ìyá rẹ̀? Ibi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n ló ń lọ gbé. Tó bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n, á sá. Èyí rí mi, kò sá. Ṣí géètì."

Ta ló ṣí i? Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fúnra wọn ni! Màmá di ọmọ wọn mú, àwọn méjèèjì ń sunkún, ìgbà yẹn ni èmi náà wá sunkún tèmi. Ògo ni fún Ọlọ́run!

Mo dúpẹ́. Mo tún dúpẹ́. Ìwọ tí wọ́n ń pín ogún rẹ nígbà tí o ṣì ń mí, má bẹ̀rù wọn. Máa bọ̀ nílé, kí wọ́n rí ọ.

Pásítọ̀, nínú ìjọ yìí lẹ ti gbàdúrà òkú fún ọkọ mi. Mi ò bá yín jà, irọ́ ni wọ́n pa fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ wẹ̀yìn. Ọkọ mi nìyẹn, ẹsẹ̀ tó kú ti ń jí díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ tí a dé, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹ má tíì dìde, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kó wá kí yín.