Ìlà Tí Mo Fi Pa Aago Lẹ́nu Mọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò lè gbé wọ sàréè. Sẹ̀tónjí ọ̀rẹ́ mi kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Sátidé tó ń bọ̀ ni a ó sin ín ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wa. Mi ò kàwé lọ títí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi.

Ayé ológun ni, nígbà tí ìlú le koko. Èmi àti Sẹ̀tónjí jọ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ apẹja kan ní Gberefu, létí òkun. Èmi ló ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀. Òun, tó kàwé nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Otto, ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ kan léfòó lójú agbami, tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè mọ́ ìsàlẹ̀ omi. Ó ń wọn bí ìgbì ṣe ga tó, ó sì ń fi rédíò sọ fún kọ̀ǹpútà wa. Ìdí ni pé etí òkun lè tutù bí omi àmù, kí agbami máa ru. Àwọn òyìnbó tó gbé e wá ti bá tiwọn lọ. Ìwé ńlá kan ni wọ́n fi sílẹ̀. Inú rẹ̀ ni Sẹ̀tónjí ti kọ́ iṣẹ́ náà, ó sì ń kọ́ èmi náà.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pe ohun tó kọ́ mi. Kì í ṣe ti iná o.

“Fi ṣe ẹnu ọ̀nà,” ló wí. “Kọ̀ǹpútà dúró lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ẹ̀rọ agbami dúró lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. Èyí béèrè, tọ̀hún dáhùn.”

“Bí tọ̀hún bá sùn lọ ńkọ́?”

“Bíi tìẹ nídìí jẹnẹrétọ̀?” Ó rẹ́rìn-ín. “Aago yóò dún. Bíọ́dún, ìdáhùn tó bá pẹ́ ju àkókò rẹ̀ lọ, kì í ṣe ìdáhùn mọ́. Òkun kì í dúró de ẹnikẹ́ni.”

Bó ṣe kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé nìyẹn. Bí ẹ̀rọ agbami bá dákẹ́, aago á dún, ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ jáde.

Ṣùgbọ́n bátìrì wá di góòlù. Ẹ̀rọ náà ń dákẹ́ ṣáá, aago ń dún ṣáá. Sẹ̀tónjí lọ wá bátìrì ní Seme lẹ́nu ibodè. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ọ̀gá Lápàdé, olórí ilé iṣẹ́ wa, wọlé: “Ọ̀gá ológun ń bọ̀ wá wò wá. Ẹni tó bá jẹ́ kí aago rádaràda yẹn dún létí rẹ̀, kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀!”

Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo fi ìlà kan kún ètò Sẹ̀tónjí: bí ẹ̀rọ agbami bá dákẹ́, kí kọ̀ǹpútà máa tún ìdáhùn ìkẹyìn sọ. Aago panu mọ́. Àlejò wá, ó lọ. Ọ̀gá Lápàdé bọ̀ mí lọ́wọ́, orí mi wú.

Sẹ̀tónjí mú bátìrì dé, ó fi sí i. Mi ò sọ fún un. Mo ní màá yọ ìlà náà lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò yọ ọ́.

Hùnsù, àbúrò Sẹ̀nàmi ìyàwó Sẹ̀tónjí, ló ń tukọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó yọjú lójú fèrèsé.

“Fofo Bíọ́dún!” Bí àwọn Ègùn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n nìyẹn. “Ṣé agbami ti jí?”

Mo wo kọ̀ǹpútà. “Ó ń sùn bí ọmọ tó mu ọmú yó.”

“Ẹ má jí i o! Màá mú ṣawa bọ̀ fún yín, bí ìyàwó yín bá máa ṣẹ́ ẹ kù fún yín.”

Ó ń rẹ́rìn-ín lọ. Àṣé ẹ̀rọ agbami ti kú láti òru. Ìdáhùn àná ni mo kà fún un. Ìgbì da ọkọ̀ náà dé. Hùnsù àti Mautin tó ń bá a gbọ́n omi ọkọ̀, wọn ò padà wálé.

Kí àwọn oníwàádìí tó dé, mo yọ ìlà náà. Wọ́n béèrè ẹni tó kọ ètò. Sẹ̀tónjí ní, “Èmi ni.” Wọ́n béèrè ìdí tí aago ò fi dún. Kò mọ̀ ọ́n. Mo dúró tì í, mi ò sọ̀rọ̀. Wọ́n lé e níṣẹ́. Àwọn àna rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ tẹ agboolé àwọn mọ́ láé.

Títí tó fi darúgbó ló ń bi mí: “Bíọ́dún, ibo ni mo ti ṣì í?” Èmi á ní, “Kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe.” Ẹ gbọ́ ohun tí mo ń sọ fún un! Lórí àìsàn, ó ṣì ń fi ìka ya ètò náà sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ìbéèrè, ìdáhùn, ìbéèrè, ìdáhùn. Ó wá àṣìṣe tí kò ṣe títí ó fi kú.

Lánàá, Sẹ̀nàmi wá bá mi. “Bọ̀dá Bíọ́dún, àwọn èèyàn mi ní àwọn ò ní wá sin ẹni tó pa ọmọ àwọn. Ẹ bá mi jókòó sáyè wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

Mo ní màá wá. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ jókòó síbẹ̀? Ṣé kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún Sẹ̀nàmi, àbí agboolé àwọn èèyàn rẹ̀ ni kí n ti lọ dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n lè wá sin àna wọn? Ẹ tètè dá mi lóhùn kí Sátidé tó pé. Ìdáhùn tèmi ti pẹ́ jù fún Sẹ̀tónjí.