Láti Àná Kò Tọ̀

Nígbà tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí ọ̀nà Ìgàndo, mo wà lórí ìlà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan, obìnrin iwájú mi sì ń ra oògùn ibà fún ọkọ rẹ̀ tó ń kó gọ́tà. Ìyá àgbà kan, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, dá sí i.

"Ìyàwó, ó tó ọjọ́ mélòó?"

"Ọjọ́ mẹ́fà, mà. Ojúgun ń dùn ún gan-an, ẹyinjú rẹ̀ sì pọ́n bíi gàrí elépo. Àmọ́ ó ti ń sinmi ṣá. Láti àná kò tiẹ̀ dìde lọ tọ̀."

"Kí lo wí?"

"Láti àná, mà. Mo tiẹ̀ ń dúpẹ́ ni."

"Ò ń dúpẹ́? Ìsinmi kọ́ nìyẹn o! Omi gọ́tà tí eku tọ̀ sí ló ń kó ẹsẹ̀ bọ̀; àìsàn inú ìtọ̀ eku ló kó. Ó lè ti ba kíndìnrín ẹ̀ jẹ́. Gbé e lọ ọsibítù nísinsìnyí!"

Obìnrin náà lanu sílẹ̀. "Mà, ó wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mo ní eyín ẹ̀ ló ń ṣẹ̀jẹ̀."

Ìyá náà gbá a lọ́wọ́ mú, àwọn méjèèjì sì sáré jáde.